Ẹ Dìde, Ẹ Lọ Jẹun

Ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Sábó, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbòrí fóònù, kọ̀ǹpútà kan wà nígbà kan tó máa ń lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun. N kò fi ṣe àwàdà. Bí ìdánwò sọ́fítíwíà bá ti parí lórí rẹ̀, tí gbogbo èsì ti jáde tán, ìlà kan á yọ nísàlẹ̀ pátápátá: “Ó ti tán. Ẹ dìde, ẹ lọ jẹun.” Àlejò tó bá rí i á rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín mọ́, torí pé ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ ti kú.

Abọ́dúndé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Mushin ni, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ kò jù báyìí lọ, tó máa ń fi etí ẹ̀wù nu awò ojú rẹ̀ títí awò náà á fi dọ̀tí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ló kọ́ Ṣìmí níṣẹ́. Nígbà tí Ṣìmí kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì yẹn, ó gbà pé àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ló ń ṣiṣẹ́, pé àwọn tó ń dán an wò kàn ń bá wọn tẹ bọ́tìnnì kiri ni. Abọ́dúndé kò bá a jiyàn. Ó ní kó fa àga sún mọ́ òun.

Sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà, Ọmọ Ti Dé ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn iléèwé tó ní bọ́ọ̀sì ló ń lò ó. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń sún mọ́ ibi tí ọmọ kan ti máa ń sọ̀kalẹ̀, àǹtí tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ á tẹ orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọlé fún ìyá ọmọ náà pé kó jáde wá pàdé rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà tuntun jáde fún àwọn iléèwé, ó di dandan kí Abọ́dúndé àti Ṣìmí fi irinṣẹ́ ìdánwò kan fìyà jẹ ẹ́. Irinṣẹ́ yìí á ṣe bíi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá wo ibi tí yóò ti bàjẹ́. Àmọ́ irinṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò ni, kò mọ ohun tó ń jẹ́ bọ́ọ̀sì iléèwé. Ìyẹn ni Abọ́dúndé ṣe jókòó, tó fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Java kọ plọ́gín tirẹ̀. Fáìlì kékeré kan báyìí ni plọ́gín. Wọ́n á jù ú sínú fóldà irinṣẹ́ náà, wọ́n á pa irinṣẹ́ náà, wọ́n á tún un tàn, yóò sì mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìlà oúnjẹ yẹn, nítorí Ṣìmí ni. Ọgbẹ́ inú ń bá a jà, bẹ́ẹ̀ bó bá ti jókòó ti ìdánwò, oúnjẹ ti di ìgbàgbé nìyẹn. Lọ́jọ́ kan inú run ún débi pé ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọ́fíìsì, lórí ilẹ̀ táìlì, níṣojú àwọn oníbàárà. Abọ́dúndé kò bá a wí. Ó ṣí plọ́gín rẹ̀, ó fi ìlà kan kún un, ó gbé e padà sí fóldà. Nígbà tí ìdánwò ọjọ́ kejì parí, kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ jẹun.

Ṣìmí yíjú sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ṣe eléyìí?”

“Èmi kọ́ o,” ni Abọ́dúndé wí, ó ń nu awò rẹ̀. “System ló sọ bẹ́ẹ̀. O ò lè máa bá system jiyàn. Ó yá, dìde.”

Wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ ẹ̀wà agọ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ títì. Láti ọjọ́ yẹn, ọgbẹ́ inú Ṣìmí rọlẹ̀.

Kíndìnrín ló mú Abọ́dúndé lọ. Kò lọ kíákíá, kò sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní nǹkan bí oṣù kan kó tó kú, Ṣìmí lọ kí i nílé ní Mushin. Rónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn, ó gbé àga fún un sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti fún wọn láyè. Ojú Abọ́dúndé ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju iṣẹ́ lọ.

“Plọ́gín mi yẹn ń dà mí láàmú,” ó wí. “Gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n béèrè ò ju ‘ṣé ẹ ti send ẹ̀?’ Tí app bá ti ní òun ti send, ó ti pass nìyẹn. Kò béèrè bóyá ó dé fóònù ìyá ọmọ. Èèyàn lè send nǹkan kó má dé. Ṣé ó yé ẹ?”

“Ó yé mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kára yín yá ná, a máa jọ tún un kọ.”

Abọ́dúndé wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. “Ìwọ lo máa kọ ọ́. Orúkọ kan náà ni kó o fún class tó wà nínú fáìlì ẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa tún gbogbo test wa ṣe. Tó o bá ti deploy tìẹ sórí kọ̀ǹpútà ńlá, delete tèmi. Má fi pamọ́ o, Ṣìmí. Mo mọ̀ ẹ́.”

Ṣìmí ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́.

Wọ́n gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Ṣìmí dé láti ibi ìsìnkú, ó jókòó sórí àga Abọ́dúndé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ plọ́gín tuntun. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì gbà á. Tirẹ̀ kì í gbà pé àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ. Ó ń dúró títí fóònù ìyá ọmọ á fi dáhùn pé òun ti rí i gbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó rò ó pé kóun náà fi ìlà oúnjẹ síparí rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Abọ́dúndé ni, kò sì tọ́ kóun máa sọ ọ́ bíi pé tòun ni. Ó fi í sílẹ̀ láìkọ. Ó dán plọ́gín náà wò lórí kọ̀ǹpútà àgbéká tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ó kù kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń ṣe ìdánwò. Ó ṣí fóldà ibẹ̀. Fáìlì Abọ́dúndé wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí. Ó fi atọ́ka lé e, ó tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́, kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú.

Kò dá a lójú. Kí ni kí n sọ? Ọmọ tó mọ iṣẹ́ ni, ó mọ̀ pé fáìlì méjì tí orúkọ inú wọn jọra kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú fóldà kan, pé èyí tí irinṣẹ́ bá kọ́kọ́ bá ló máa mú, tí kò ní wo ìkejì rárá. Bó bá jẹ́ ọmọ tuntun ló ṣe irú ẹ̀, Ṣìmí gan-an ló máa kọ́kọ́ bá a wí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ohun tó wà lójú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó wú lórí ibùsùn ní Mushin. Ó dáhùn pé rárá. Ó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Abọ́dúndé, ó ní òun á yọ ìyẹn tó bá dọ̀la, ó tan irinṣẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Gbogbo èsì jáde ní àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé ó yege; kò sí pupa kankan, tó jẹ́ àmì àléébù, níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan yọ: “Ó ti tán. Ẹ dìde, ẹ lọ jẹun.”

Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé ì bá bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni ìlà yìí ti wá, nígbà tí òun kò kọ ọ́ sínú plọ́gín tuntun. Ṣìmí kò bi ara rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣe é bíi pé Abọ́dúndé yọjú látẹnu ọ̀nà láti kí i kú iṣẹ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ ẹ̀wà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ fún Ọ̀gá Jeffrey pé plọ́gín tuntun ti wà lórí kọ̀ǹpútà, pé Ọmọ Ti Dé kò ní àléébù, pé wọ́n lè gbé e jáde. Ọ̀la tó ní òun á yọ fáìlì náà, kò dé.

Jeffrey ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ Surulere ni, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe ti Yorùbá, torí Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú lọ. Ó fẹ́ràn Abọ́dúndé. Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ pátákó kan tí wọ́n máa kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ìdánwò, Yàrá Abọ́dúndé, ó sì ti pe Rónkẹ́ pé kó wá síbẹ̀ ní Friday tí ọdún ìrántí ọkọ rẹ̀ bọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn iléèwé wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo bọ́ọ̀sì ń já ọmọ sílẹ̀ lásìkò kan náà, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ kún ara wọn, wọ́n há, púpọ̀ nínú wọn kò sì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ọmọ Ti Dé ń sọ fún àwọn àǹtí inú bọ́ọ̀sì pé òun ti fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ti wà nídìí ọ̀nà fúnra wọn, tàbí kí aládùúgbò kan ti di ọmọ mú. Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ìyá kan tó ń jẹ́ Shakirat jókòó sílé, ó gbé fóònù sórí itan, ó ń retí kó dún. Muadh, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, sọ̀kalẹ̀, kò rí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi tó rò pé ilé wà. Iganmu ni wọ́n ti rí i nírọ̀lẹ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ti lọ. Kò sí ohun tó ṣe é lára. Ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Shakirat mú ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó na fóònù rẹ̀ sí Jeffrey.

“Ẹ bá mi wò ó,” ó ní. “Ẹ ní ẹ ti send ẹ̀. Ẹ bá mi wá a níbẹ̀, torí èmi ò rí i.”

Muadh di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ṣìmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na bísíkíìtì sí i. Ọmọ náà wo bísíkíìtì, kò gbà á, ó tún ìdí aṣọ náà dì mú. Ṣìmí gbé bísíkíìtì náà sórí tábìlì.

Bí wọ́n ti lọ tán, Jeffrey kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ti yẹ èsì ìdánwò wò.

“Mo ti rí i,” ó wí. “Ohun tí test wa ń béèrè ò ju bóyá a ti send lọ. Bí Abọ́dúndé ṣe kọ ọ́ látilẹ̀ nìyẹn. Ṣìmí ní òun tún un kọ, ara ti Abọ́dúndé náà ló ti wò ó kọ, àṣìṣe yẹn ló gbé wọnú tuntun. Mi ò fẹ́ sọ nǹkan tí ò dáa nípa ẹni tó ti lọ. Àmọ́ mi ò lè kan orúkọ ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ yẹn tó bá tún wá?”

Ìgbà yẹn ni ìlà oúnjẹ padà sí Ṣìmí lọ́kàn. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí fóldà. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, ti Abọ́dúndé lókè, tirẹ̀ nísàlẹ̀. Tirẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ rí lórí kọ̀ǹpútà yẹn, àní fún ìṣẹ́jú kan. Plọ́gín tí Abọ́dúndé ní kó jù nù ló ṣiṣẹ́, ó sì ti sọ ọ́ fún un lójúkojú pé òun ni, ó ní kó lọ jẹun, Ṣìmí sì lọ.

Ó yẹ kó dìde nígbà náà kó lọ sọ ọ́. Kò dìde. Ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ bà á, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́. Òun ló ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè lé òkú kúrò níbi iṣẹ́. Èrò yìí wá sí i lọ́kàn lóòótọ́, pé òkú ni, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ó kórìíra ara rẹ̀ fún un, síbẹ̀ ó panu mọ́ títí di Friday.

Kò sẹ́ni tó rántí pe Rónkẹ́ pé kó má wá mọ́. Ó dé lọ́sàn-án, ó wọ aṣọ àlàárì kan tó mọ́ níwọ̀n, ó gbé àwòrán ọkọ rẹ̀ tó fi férémù sí dání, pé kí wọ́n gbé e kọ́ sínú yàrá. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí pátákó. Jeffrey fà á wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ṣùgbọ́n ògiri ibẹ̀ kò nípọn, gbogbo ènìyàn gbọ́. Nígbà tí Rónkẹ́ jáde, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó wá sídìí tábìlì Ṣìmí, ó gbé àwòrán náà sílẹ̀.

“Ṣìmí,” ó ní, “ìwọ lo sún mọ́ ọn jù níbí. Kí ni ọkọ mi ṣe?”

Abọ́dúndé ń wò wọ́n látinú férémù, awò ojú rẹ̀ dọ̀tí.

“Kò ṣe nǹkan kan, mà,” ni Ṣìmí wí. Ó dìde dúró. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ kí Jeffrey lè gbọ́. “Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé tàwọn ò dáa tó. Wọ́n sọ fún mi lórí ibùsùn. Wọ́n ní kí n kọ òmíì, kí n delete tàwọn. Mo kọ òmíì, ó sì dáa. Mi ò kàn delete tiwọn ni. Mo gbé méjèèjì síbi kan náà, tiwọn ló ṣiṣẹ́, mo rí i pé tiwọn ni, mi ò sì mọ̀ pé mo rí i. Èmi ni, mà. Èmi ni mo ba orúkọ wọn jẹ́.”

Jeffrey ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Kí ló dé tó ò yọ ọ́?” ni Rónkẹ́ béèrè.

“Mi ò lè yọ ọ́, mà.”

Rónkẹ́ kò pariwo. Ì bá sàn fún Ṣìmí kó pariwo.

“Bí a ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, èmi ni mo kó aṣọ ẹ̀ jáde nínú wọ́dúróòbù,” ó ní. “Gbogbo ẹ̀ pátá. Mo pín in fún àwọn àbúrò ẹ̀, mo fún aládùúgbò. Bàtà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i lẹ́sẹ̀ ẹnì kan ní Mushin lọ́jọ́sí. Mo kí onítọ̀hún, mo kọjá. Èmi tá a jọ ń sùn, tá a jọ ń jí. Ìwọ, fáìlì. Fáìlì lásán lo ò lè jù nù, ọmọ ọlọ́mọ wá ń rìn gbéregbère ní Iganmu.”

Rónkẹ́ fa àga, ó jókòó. “Jẹ́ kí n rí i,” ó ní. “Ó máa ń sọ pé òun kọ nǹkan kan síbẹ̀ fún ẹ. Mi ò rí i rí.”

Ṣìmí tan ìdánwò náà. Àwọn èsì ń yí, wọ́n ń jáde ní àwọ̀ ewé, irọ́ ni gbogbo wọn. Ìlà náà yọ nígbẹ̀yìn. Rónkẹ́ sún mọ́ ọn, ó kà á láìgbé ohùn sókè, ó tún un kà.

“Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé náà nìyẹn,” ó wí. “Tí mo bá ti ń ránṣọ, tí mi ò dìde.” Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. “Ó tó. Pa á rẹ́.”

Ṣìmí ṣí fóldà, ó fi atọ́ka lé fáìlì náà. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pa irinṣẹ́ náà, ó tún un tàn, ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Kò pẹ́ tí pupa àkọ́kọ́ fi jáde, òmíì tẹ̀ lé e, títí ojú kọ̀ǹpútà fi pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Plọ́gín tuntun ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Jeffrey wá dúró lẹ́yìn wọn, ó wò ó.

“Pátákó yẹn, a máa kàn án lónìí,” ó sọ fún Rónkẹ́. “Mà, ẹ forí jì mí.” Ó yíjú sí Ṣìmí, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà dun òun náà. “Ìwọ, Ṣìmí, tó bá ti di ìparí oṣù, mi ò rò pé mo lè jẹ́ kó o máa wọ yàrá yẹn mọ́.”

“Ó ti yé mi, sà.”

Wọ́n lọ kan pátákó. Ṣìmí ń gbọ́ ìró òòlù, ó ń gbọ́ tí Rónkẹ́ ń sọ fún wọn ibi tí wọ́n máa gbé àwòrán kọ́. Kò yíjú wo ẹ̀yìn. Ìdánwò ti parí. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìlà yẹn máa ń wà, kò sí nǹkan kan. Àsìkò oúnjẹ ti kọjá tipẹ́, inú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde.